Bí A Ṣe Ń Ṣe Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin Kí Ẹṣin Má Baà Jìyà Rẹ̀

Jórinjórin ni mí. Ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ lo kẹ̀kẹ́ ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí mo fi irin jó pọ̀ fún, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ó dára lójú. Mo kùn ún ní funfun, mo fi ìjókòó aláwọ̀ pupa sí i, ìyàwó sì ti gúnwà sórí rẹ̀. Ni àǹtí ìyàwó, ẹni tí Ọlọ́run fi ara jíǹkí, bá ní òun náà á ya fọ́tò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn tí mo ṣe sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kan péré! Ọ̀pá méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin gbéra sókè, okùn abẹ́ ikùn ká ẹṣin mọ́ra, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀. Bàbá tó gbé ẹṣin wá láti Sábó ń pariwo "sauka, sauka!", ìyẹn "sọ̀ kalẹ̀" lédè Haúsá, bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe, àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n á ná owó sórí ọ̀dà àti òdòdó, wọn ò ní bi ara wọn pé níbo ni ìwúwo ń lọ. Mi ò bá wọn wí púpọ̀. Àwọn baba wa gun ẹṣin, wọn ò so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Àwọn agẹṣinjagun Ọ̀yọ́ pàápàá, òkè ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin, nítorí eṣinṣin tó ń gbé àìsàn káàkiri nínú igbó kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ yìí. Ọmọlanke nìkan ni ọ̀gá tá a ní, òun náà ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi.

Táyà àti ọ̀pá àárín rẹ̀

Ẹ má fi táyà ọ̀kadà ṣe é. Mo mọ̀ pé ó fẹ́lẹ́, ó ga, sípóòkì rẹ̀ sì ń dán. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà máa ń dẹ̀gbẹ́ tó bá ń yí kọ́nà, ìwúwo á gba àárín táyà kọjá. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin kì í dẹ̀gbẹ́. Tó bá yí, ẹ̀gbẹ́ ni ìwúwo á ti máa ti táyà, ríìmù á sì wọ́ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù irin, ẹ wá ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fà á. Irú èyí kò ní abọ́ irin ńlá láàárín, kò wúwo, béárìn àti bùréèkì rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa pé okùn háńdíbùréèkì ṣì ń fa bùréèkì náà, nítorí a máa lò ó. Ríìmù 14 tàbí 15 ni mo máa ń lò. Bí táyà bá ṣe tóbi sí ló ṣe ń rọrùn fún un láti jáde nínú kòtò, a sì mọ ojú ọ̀nà wa.

Bí ewé sípíríǹgì bá wà lára rẹ̀, ẹ̀bùn ni. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ayé àtijọ́, awọ ni wọ́n fi ń gbé ilé rẹ̀ kọ́, ó máa ń mì bí ọkọ̀ ojú omi. Ọdún 1804 ni Obadiah Elliott, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí sípíríǹgì tó ní ewé méjì tó kọjú síra bí ètè, látìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ ti fúyẹ́ sí i. Ẹrù ńlá ni wọ́n ṣe sípíríǹgì akẹ́rù fún, nítorí náà ẹ yọ ewé kúrò níbẹ̀ títí yóò fi rẹlẹ̀ tó ìka mẹ́ta nígbà tí èèyàn méjì bá jókòó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jó ewé sípíríǹgì. Iná ń pa agbára rẹ̀, níbi tí ẹ bá ti jó o gan-an ni yóò ti kán. Bóòtù ni kí ẹ fi dì í mú.

Ìwúwo: ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́

Ẹ dúró ní Lágere, kí ẹ wo ẹni tó ń ti ọmọlanke. Bí ẹrù bá pọ̀ jù sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ á máa ro ó. Bí ẹrù bá pọ̀ jù sí òdìkejì táyà, ọmọlanke á fẹ́ gbé e fò. Kí ló máa ṣe? Á sọ ẹrù kalẹ̀, á tún un tò. Ẹṣin kò lè sọ ẹrù kalẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá jó mọ́ ọn lẹ́yìn ló máa rù délé.

Ohun tí a fẹ́ ni pé kí táyà gbé gbogbo ìwúwo, kí díẹ̀ péré bà lé ẹ̀yìn ẹṣin, kí ọ̀pá má baà máa gbá a sókè sódò. Òfin tèmi ni kílò 10 sí 15 fún àwọn ẹṣin kékeré tí a ní. Tó bá kọjá 20, mi ò ní gbé e jáde. Tó bá ń lọ sí òdo, ìyẹn burú ju wíwúwo lọ, torí ọ̀nà tí àǹtí ìyàwó gbà nìyẹn.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fi pákó há ọ̀pá méjèèjì níbi tí gàárì máa wà, kí ẹ fi ìwọ̀n tí èèyàn ń gùn, irú èyí tó wà nílé elégbòogi òyìnbó, sábẹ́ pákó náà lórí àpótí tó ga tó ẹ̀yìn ẹṣin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àpò sìmẹ́ǹtì 3 sórí ìjókòó. Àpò kan jẹ́ kílò 50, nítorí náà èèyàn méjì tó sanra díẹ̀ nìyẹn. Ẹ ka ìwọ̀n. Ìgbà yìí, kí ẹ tó jó ohunkóhun pa, ni kí ẹ ti ọ̀pá àárín táyà síwájú tàbí sẹ́yìn. Mo ti rí ẹni tó jó o pa tán kó tó wọ̀n ọ́n, ó wá so òkúta mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kó lè dọ́gba. Ẹṣin wá ń fa òkúta káàkiri Ifẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní kẹ̀kẹ́ àti èèyàn inú rẹ̀ jẹ́ kílò 300, tí àárín ìwúwo rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 10 wà níwájú táyà, tí ó sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 250 láti táyà dé gàárì. Ẹ fi 10 lọ́po 300, kí ẹ fi 250 pín in: kílò 12 ló bà lé ẹṣin. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan tó jẹ́ kílò 75 bá sún síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 30 péré, kílò 9 ti tún kún un. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbé ìjókòó lórí irin tó ń yọ̀, irú èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó dẹ́rẹ́bà. Àlòkù rẹ̀ kò wọ́n. Bí awakọ̀ nìkan bá wà níbẹ̀, á sún un síbi kan. Bí wọ́n bá pé méjì, á sún un síbòmíràn.

Kì í ṣe ilẹ̀ tó tẹ́jú nìkan la ń rìn. Ifẹ̀ ní òkè, ẹ bi ẹni tó bá ti gun Òkè-Ìtasẹ̀ léèrè. Bí ọ̀nà bá ń gòkè ní mítà 1 nínú gbogbo mítà 10, tí àárín ìwúwo sì fi sẹ̀ǹtímítà 60 ga ju àárín táyà lọ, ìwúwo á sún sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 6. Kílò 12 yẹn á di bíi 5. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á di bíi 19. A lè fara dà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fẹ́ kí ìyàwó jókòó sókè bí ẹni tó wà lórí ìtẹ́, tí wọ́n gbé e dé sẹ̀ǹtímítà 120, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: ìwúwo á sún ní 12. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kílò 26 ló ń tẹ ẹṣin. Tó bá ń gòkè, ọ̀pá á bọ́ sókè, okùn abẹ́ ikùn á sì máa fún un nígbà tó nílò èémí jù lọ. Ẹ sọ ìjókòó kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ga, kó wé gèlè.

Àtẹ̀gùn, ẹ̀gbẹ́ ni kí ó wà, nítòsí táyà. Ẹ má ṣe é sẹ́yìn láéláé. Mo tún máa ń fi ẹsẹ̀ irin kan tó ṣeé ká sókè sábẹ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tí a máa ń sọ kalẹ̀ kí èèyàn tó gùn ún.

Ẹ má sì fi irin nípọn ṣe ilé rẹ̀ torí pé ó wà nílẹ̀. Lórí títì tó dán, rọ́bà kò fẹ́ agbára púpọ̀. Kílò 300 lè má gbà ju bíi kílò 6 tí ẹṣin máa fi fà. Lórí òkè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, òkè nìkan á fi 30 kún un. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ara ẹṣin kékeré nìyẹn, ìyẹn sì ni ohun tó lè máa fà pẹ́ láìní kú sí i.

Bùréèkì àti okùn

Ẹ fa okùn háńdíbùréèkì wá síwájú, kí ẹ so ó mọ́ ọ̀pá kan tí ọwọ́ awakọ̀ máa tó. Ẹ rí i pé òsì àti ọ̀tún ń mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún ṣe okùn fífẹ̀ tó máa yí ìdí ẹṣin ká, kí ó lè fi ìdí dá kẹ̀kẹ́ dúró tí bùréèkì bá kọ̀.

Ẹ má so okùn tí ẹṣin fi ń fà mọ́ irin kẹ̀kẹ́ tààrà. Èjìká ẹṣin ń lọ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, òsì kí ọ̀tún tó tẹ̀ lé e. Bí okùn bá dúró gbọn-in, awọ àyà rẹ̀ á bó. Igi kékeré kan tó ní bóòtù kan péré láàárín, tó lè máa yí síwá sẹ́yìn, ni kí ẹ so okùn méjèèjì mọ́. Ọwọ́ ọkọ́ tó ti kán ni mo máa ń lò, kò sí irin tó dára tó o. Okùn àyà kò gbọdọ̀ ga dé ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Táyà iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí, bí kálukú bá sì ń yí láyè ara rẹ̀, èyí tó wà nínú kọ́nà àti èyí tó wà lóde kò gbọdọ̀ yí bákan náà. Georg Lankensperger ní Jámánì ló rí ọgbọ́n yẹn ní 1817, fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin, òun náà sì ni mọ́tò ń lò títí di òní. Tí wọ́n bá jó ti ìwọ fún ọ lọ́nà mìíràn, táyà á máa wọ́ tuurutu ní gbogbo kọ́nà.

Tí ẹ bá parí, ẹ má tíì ránṣẹ́ sí Sábó. Àwọn ọmọṣẹ́ mi méjì ni mo máa ń fi ṣe ẹṣin. Wọ́n á wọ àárín ọ̀pá, wọ́n á fi àpò sìmẹ́ǹtì kún un, a ó gòkè, a ó sọ̀. Wọ́n ń bú mi lábẹ́lẹ̀, mo mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀pá òsì ń gbá òun níbàdí. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n: ìka méjì ni ọ̀pá òsì fi súnmọ́ inú ju ti ọ̀tún lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà la gé e, a tún un jó.