Mo gé àwòrán tán, fáìlì ò fúyẹ́: ìrírí mi nínú PowerPoint

Àwòrán 31 péré ni mo kó sórí àwọn sílàídì PowerPoint mi, fáìlì sì wúwo tó 127 MB. Gmail kì í gbà ju 25 MB lọ. Mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kọjá, dátà 1 GB tí mo rà láàárọ̀ sì ti ń tán lọ kí oòrùn tó kanrí. Ohun tó ká mi lára ni pé gbogbo àwòrán náà ni mo ti gé! Mo ṣebí ohun téèyàn bá gé ti lọ nìyẹn.

Kò lọ o. Crop inú PowerPoint kì í gé àwòrán, aṣọ ló ń fi bo apá tí ẹ ò fẹ́. Ìkòkò Dada, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Òkèlele ní Ìlọrin níbí, ni mo yà. Òòró ni mo di fóònù mú, nítorí náà àwòrán kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní píksẹ́lì 3000 (ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán), ó ga ní 4000. Sílàídì ní tiẹ̀ gbòòrò ju bó ṣe ga lọ, 16:9 (fífẹ̀ 16 sí gíga 9). Nígbà tí mo gé e kó bá sílàídì mu, nǹkan bí 1690 nínú 4000 yẹn ló kù tójú ń rí. Èyí tó ju ìdajì lọ wà lábẹ́ aṣọ, èmi sì ń fi owó dátà gbé e kiri. Kò tán síbẹ̀: ẹni tí ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ sí lè tẹ Reset Picture & Size, kó sì rí nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ sára ògiri àti ojú ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ rò pé ẹ ti yọ kúrò.

Gígé kì í ṣe iṣẹ́. Ọfà kékeré abẹ́ Crop ni kí ẹ tẹ̀, Aspect Ratio, 16:9, kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Tí ẹ bá fẹ́ sọ àwòrán di ńlá tàbí kékeré, igun ni kí ẹ fà. Ẹni tó bá fa ti àárín ẹ̀gbẹ́ yóò sọ àmù di ìsáàsùn, mo sì ti rí i lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Compress Pictures, tó ń mú kí àwòrán fúyẹ́, ló jẹ mí níyà. Apá òsì Picture Format, táàbù tó máa ń yọ lókè tí ẹ bá tẹ àwòrán, ló wà. Tí ojú kọ̀ǹpútà bá kéré, àmì rẹ̀ lásán ló ń hàn, kò ní ọ̀rọ̀ lára. Mo tẹ̀ ẹ́, mo rí i pé wọ́n ti fàmì sí "Delete cropped areas of pictures", mo tẹ OK, mo séèfù. 123 MB. Mo tún un ṣe, 123 náà ni. Wákàtí kan gbáko! Àṣé "Apply only to this picture" wà lókè rẹ̀, àmì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo tí mo tẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ yọ àmì yẹn.

Mo yọ ọ́, mo mú 96 ppi (píksẹ́lì 96 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan), fáìlì ò pé 2 MB mọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Àfìgbà tí mo fa àwọn àwòrán kí wọ́n kún sílàídì, ni ìkòkò bá di kùrukùru. Bí àwòrán bá ṣe tóbi tó lórí sílàídì lákòókò tí ẹ tẹ OK ni wọ́n fi ń ṣírò. Tèmi fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8 nígbà náà. 96 ppi sọ ọ́ di bí píksẹ́lì 300. Sílàídì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 33.87. Ṣíbí epo kan ni mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ ìnáwó. Mo ti séèfù, mo ti pa á dé, Ctrl+Z tó ń dá nǹkan padà ò lè gbà mí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ojúlówó ṣì wà lórí fóònù, mo tún kó gbogbo 31 wọlé.

Lẹ́ẹ̀kejì, Save As ni mo kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ̀dà kan lè wà nílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Mo gé, mo fa àwòrán dé ìwọ̀n tó máa wà, ìgbà náà ni mo tó tẹ Compress: 150 ppi. Fún àwòrán tó kún sílàídì, ìyẹn jẹ́ píksẹ́lì 2000 ní fífẹ̀, ó sì tó fún pùrójẹ́kítọ̀ 1920 × 1080. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, 220 ni kí ẹ mú.

11 MB ló jẹ́. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo tẹ Reset Picture & Size lórí àwòrán tó ní nọ́ńbà lára ògiri. Ìkòkò nìkan ló jáde.