Bí a ṣe tú àjà ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nílé bàbá wa l'Óṣogbo

Bàbá wa kọ́ ilé yẹn sí Alékúwọdò lọ́dún 1976. Nígbà tí mo fẹ́ tún un ṣe, àjà yàrá méjì ti tẹ̀ kalẹ̀ nítorí òjò tó ń jò sí i, eku sì ti fi òkè rẹ̀ ṣe ilé. Láyé ìgbà náà, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni ẹni tó bá rí jájẹ fi ń ṣe àjà. Kò wọ́n, kì í jóná, ikán kì í jẹ ẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ń ṣe é ní Emene lẹ́bàá Enugu.

Fọ́nrán òkúta tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì ni, fọ́nrán náà sábà máa ń tó 10 sí 15 nínú 100. Bí abala rẹ̀ bá ṣì wà lódindi, sìmẹ́ǹtì ti dì í mú, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n bá fọ́ ọ tàbí tí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ ni fọ́nrán á tú sínú afẹ́fẹ́, ojú kò sì ní rí i. Ẹni tó bá fà á símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí. Ó lè fa jẹjẹrẹ, ó lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró le gan-an, ó sì lè tó 20 sí 40 ọdún kí àìsàn náà tó yọjú. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é pátápátá ní 1999, South Africa ní 2008.

Ojú lásán kò lè dá a mọ̀, àfi kí wọ́n gbé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ọjọ́ orí ilé ni mo fi ṣe ìdájọ́ tèmi: mo gbà pé òun ni, mo sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà tí mo pè jẹ́ àgbàlagbà, ó mọṣẹ́. Ó gbójú sókè wo àjà náà, ó ní, “Àlàájà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ kan péré, a ó ti dà á lulẹ̀.” Ohun tí mi ò fẹ́ gan-an nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní láti kékeré lòun ti ń fọ́ ọ, ṣé mo gbọ́ kí òun wúkọ́ ni? Mo ní, “Bàbá, kì í jà lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ni mò ń rò.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ló yanjú ẹ̀, owó ló yanjú ẹ̀. Àgbàṣe ló bá mi dá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gba àgbàṣe kò lè má kánjú. Mo ní ká fi àgbàṣe sílẹ̀, kí n máa sanwó ojúmọ́, iyekíye ọjọ́ tó bá gbà. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin lẹ kúkú lowó yín.” Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí lòun máa kọ́kọ́ ṣe, èyí ni màá sọ fún un kí n tó dárúkọ ìbòmú.

Ìbòmú ṣe pàtàkì náà o. Èyí tí gbogbo wa wọ̀ nígbà kòrónà kò wúlò níbí. FFP3 tàbí P100 ni, irú ìbòmú tó ń dá eruku tó kéré gan-an dúró. Èkó ni mo ti rà á, awakọ̀ kan bá mi gbé e dé Old Garage. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ní irùngbọ̀n tó kún, ìbòmú kì í sì lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n, afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó ní òun ò lè fá a, súnà ni. Kò burú, a fi í sí ìta, kó máa pọn omi.

A jẹ́ kí ọyẹ́ lọ tán ká tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìjì rẹ̀ á gbé eruku káàkiri àdúgbò. Mo bẹ àwọn ayálégbé pé kí wọ́n ká aṣọ wọn lórí okùn, kí àwọn ọmọ sì lọ sílé ìyá wọn àgbà. A bo kànga. A pa iná, a kó gbogbo ẹrù jáde, a tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sílẹ̀, a sì fi òmíràn dí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà.

Omi ni iṣẹ́ gan-an. Mo ra sípíréyà tuntun, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, a da omi àti ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i. Ọṣẹ ló ń jẹ́ kí omi wọra. Wọ́n fọ́n ọn sí abala kọ̀ọ̀kan títí tó fi rin, wọ́n sì tún fọ́n ọn sí ìdí ìṣó. Wọn ò lo òòlù rárá. Ẹnì kan ń fi pínsà fa ìṣó yọ ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀, àwọn méjì gbé ọwọ́ sábẹ́, wọ́n ń sọ abala náà kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Ilẹ̀kùn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á ní gbígbé dàálẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ṣẹ́ ẹ. A dá a dúró ní ẹ̀gbẹ́ kó tó jáde. A fi ọ̀rá ìlọ́po méjì wé e, a lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sí i lára: ÁSÍBẸ́SÍTỌ́Ọ̀SÌ, Ẹ MÁ FỌ́ Ọ.

Ìgbálẹ̀ kò wọ yàrá yẹn. Àkísà tútù la fi nu ilẹ̀ àti ògiri, àkísà náà sì wọ inú ọ̀rá. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jáde, wọ́n á fọ́n omi sára aṣọ iṣẹ́ alòdànù wọn, wọ́n á bọ́ ọ sínú ọ̀rá, ìbòmú ni wọ́n ń yọ kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ wẹ̀.

Aládùúgbò kan wá bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní díẹ̀, òun fẹ́ fi bo ilé adìẹ. Ó ṣòro láti kọ̀ fún un, torí èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n mo kọ̀. Mo lọ bá àwọn wolé-wolé kí n tó gbé e kúrò nílé. Ibi tí wọ́n júwe la ti gbẹ́lẹ̀ tó jìn, a tò ó sínú rẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀, a sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Pátákó oníke tí wọ́n ń pè ní PVC ni a fi ṣe àjà tuntun, ìyẹn ò gba wàhálà.

Ó ku ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, tí òrùlé rẹ̀ náà jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Bàbá Káfíńtà, tó fẹ́ parí gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan tẹ́lẹ̀, ló wá ń sọ pé ká kúkú tú ìyẹn náà, ká rọra ṣe é. Mo ní, “Bàbá, kò là, kò jò. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.” Mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gùn ún, nítorí ó máa ń fọ́ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n má sì ha ewédò tó hù sí i lára. Bí òjò ọdún kọ̀ọ̀kan bá ti dá, màá lọ wò ó bóyá ó ti là.