Bí mo ṣe ń fi bàbà ṣe yẹtí olódòdó akòko

Ewé akòko ni gbogbo èèyàn mọ̀ torí oyè, àmọ́ òdòdó ẹ̀ gan-an ló wù mí. Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà oko lágbègbè Òmù-Àrán nígbà tó bá tanná, ẹ máa rí i, ó là bí ẹnu fèrè, ẹnu ẹ̀ pín sí márùn-ún, àwọ̀ ẹ̀ sì wà láàárín pupa àti pọ́pù. Ẹ já ẹyọ kan, ẹ gbé e síwájú yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bàbà rárá, torí ẹni tó bá ń fọkàn rò ó, òdòdó ara abọ́ tánganran ló máa ṣe.

Ẹ má wulẹ̀ ra bàbà tuntun. Ẹ bá àwọn tó ń tún éésì ṣe ní Ìlọrin sọ̀rọ̀, àjákù páìpù bàbà máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ là á ní gígùn, ẹ fi ọṣẹ fọ òróró inú ẹ̀, ẹ wá fi òòlù lù ú kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fi ìdérí ìgò mínírà sàmì róbótó, ẹ fi àlùmágàjí tí wọ́n fi ń gé páànù gé e, kẹ́ ẹ wá gé ẹnu ẹ̀ wọlé níbi márùn-ún, àmọ́ kó má dé àárín o. Ẹ fi fáìlì yọ ẹnu ẹ̀, ẹ fi ìṣó lu ihò sáàárín.

Iná ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bàbà téèyàn bá ń lù, ńṣe ló ń le sí i, tó bá le jù ó máa kán. Yẹtí àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ewé òdòdó méjì ló já mọ́ mi lọ́wọ́, torí mò ń kánjú, mo ní kí ni mo fẹ́ fi iná ṣe. Ẹ fi pláyà mú un sórí gáàsì, ẹ pa iná bọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ lè rí àwọ̀ ẹ̀ dáadáa, tó bá ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ẹ jù ú sómi. Irin alágbẹ̀dẹ, omi ló ń mú un le, ti bàbà yàtọ̀, iná yẹn ló ń mú un rọ̀, omi kàn ń jẹ́ kó tètè tutù ni. Ó máa dúdú, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ nínú abọ́ rọ́bà, ó máa pọ́n padà. Tó bá tún ń le, ẹ tún dá a padà síná, èmi máa ń ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ẹyọ kan.

Ẹ wá fi ìṣó tí ẹnu ẹ̀ ti kú fa iṣan sára ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sórí igi tẹ́ ẹ gbẹ́ kòtò sí, ẹ rọra lù ú títí táá fi jin bí ife.

Fún àárín ẹ̀, ẹ wá wáyà fúléèsì, ẹ fi ọ̀bẹ bó o, ẹ má sun ún, èéfín rọ́bà yẹn ò dáa fún ara. Ẹ lọ́ okùn wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ mẹ́ta pọ̀, ẹ tì í bọ inú lántánà kékeré kan, ìlẹ̀kẹ̀ olókùúta pupa tí wọ́n ń ṣe ní Ìlọrin (Ìlọrin la wà, ta ló máa fi ìlẹ̀kẹ̀ oníke sí i?), ẹ ká ẹnu ẹ̀ kí lántánà má bọ́, kẹ́ ẹ wá fà á gba ihò jáde sẹ́yìn, ẹ wé e mọ́ ìkọ́ yẹtí tẹ́ ẹ rà lọ́jà.

Tí òógùn bá kan bàbà, ó lè fi àwọ̀ ewé sára èèyàn, kì í ṣe àrùn, ó ń fọ̀ kúrò. Kútẹ́ẹ̀sì tí ò ní àwọ̀ ni mo máa ń fi kun ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ ṣe méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan náà ṣá, tẹ́ ẹ bá fi ìkejì dọ̀la, kò ní jọ ti àná mọ́.