Bí a Ṣe Ń Mọ Ewé Tó Ń Gbé Tata Ró àti Èyí Tó Ń Pa Á

Tata tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Zonocerus variegatus, kì í ṣe ẹ̀gẹ́ nìkan ló ń jẹ. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ kékeré lẹ́yìn ilé bíi tèmi ní Bàrígà, ẹ wádìí ewé tí wọ́n fi ń dàgbà, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ ro kúrò.

Ẹ kó ọmọ tata nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Dúdú ni wọ́n, tóótòòtó yẹ́lò wà lára wọn, wọ́n á sì ṣù jọ sórí ewé kan ṣoṣo. Ẹ kó ọgbọ̀n láti inú agbo kan náà, kí ọjọ́ orí wọn lè dọ́gba. Ẹ pín wọn ní mẹ́wàá-mẹ́wàá sínú ike ọ̀dà mẹ́ta tẹ́ ẹ ti fọ̀ mọ́ tónítóní, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹnu rẹ̀. Ẹ ki igi tín-ín-rín sínú ike kọ̀ọ̀kan. Tata máa ń so rọ̀ dorí kodò nígbà tó bá ń bọ́ awọ. Tí kò bá rí ibi so rọ̀ sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ́.

Ike kìíní, ewé ẹ̀gẹ́ tútù. Ike kejì, ewé ẹ̀gẹ́ tó ti rọ. Ike kẹta, ẹ̀gẹ́ tútù pẹ̀lú àwọn ewé mìíràn tẹ́ ẹ ti rí tata lórí wọn.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń bà á jẹ́ nìyí. Wọ́n á já ewé láàárọ̀, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á jù ú sínú ike. Kó tó di ọ̀sán, ewé tí wọ́n pè ní tútù ti rọ, wọ́n á wá máa sọ pé ẹ̀gẹ́ tútù ló bọ́ tata yó. Irọ́ ni! Oró sáyánáìdì tó mú ká máa jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rírin kan ká tó fi dín gààrí ló wà nínú ewé náà. Tí tata bá gé e jẹ ní tútù, oró náà á tú jáde. Tó bá rọ, púpọ̀ nínú oró náà ti fẹ́ lọ, tata á sì jẹ ẹ́ dáadáa.

Nítorí náà, ẹ já ewé tútù tòun ti ọ̀pá rẹ̀, kẹ́ ẹ ki í sínú ìgò òògùn kékeré tí omi wà nínú rẹ̀. Ẹ fi òwú dí ẹnu ìgò náà pinpin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tata á rì sómi. Ẹ pààrọ̀ ewé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ nu omi kúrò lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé. Ọ̀rinrin ń mú kí ewé bu, ewé tó bu sì ń pa wọ́n, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá oúnjẹ ló pa wọ́n tàbí bíbu tó bu. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọ́n òògùn ẹ̀fọn nínú yàrá náà. Ará ilé kan fọ́n an lọ́dọ̀ mi rí, mo sì pàdánù ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóru kan.

Ẹ má ra ìwọ̀n olówó ńlá láti fi mọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà sí. Awọ tí wọ́n bọ́ ni kẹ́ ẹ máa kà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n sábà máa ń bọ́ ọ kí ìyẹ́ wọn tó pé. Ẹ kọ déètì sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ òkú kíá, torí àwọn tó kù á jẹ ẹ́, ìyẹn sì ti di oúnjẹ mìíràn.

Lọ́dọ̀ mi, ike kẹta ló máa ń kọ́kọ́ níyẹ̀ẹ́, ike kìíní ni ọmọ kéékèèké ti ń kú jù. Àwọn ewé mìíràn tó wà nínú ike kẹta yẹn ni mo ń ro kúrò létí ẹ̀gẹ́ mi, títí kan ewé Akíntọ́lá, torí òdòdó rẹ̀ ń fa tata àgbà. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ da omi ọṣẹ lé àwọn tó kù lórí, kẹ́ ẹ má tú wọn sóko aládùúgbò.