Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Ìwé Àtijọ́ Wò Kí Ẹ Tó Kó O Mọ́ Tiyín

Bí ìwé tó ti lé ní igba ọdún bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má tíì wá ohun tó sọ. Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe bébà rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi to lẹ́tà rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ náà ni wọ́n fi rán an pọ̀. Ẹni tó bá lè rí ipa ọwọ́ wọ̀nyí ló ń gbádùn ìwé àtijọ́ jù, òun náà sì ni ẹni tó ń tà á kì í rí rẹ́ jẹ.

Bébà fífẹ̀ kan ni atẹ̀wé máa ń tẹ̀ lójú méjèèjì, kó tó ṣẹ́ ẹ po. Tó bá ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ewé méjì ló dà, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní folio. Ẹ̀ẹ̀mejì, ó di ewé mẹ́rin, quarto nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ewé mẹ́jọ, octavo. Kí ẹni tó ń ránwé má baà ṣì wọ́n tò, atẹ̀wé á fi lẹ́tà sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó bẹ̀rẹ̀ ìdì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ewé tí wọ́n ṣẹ́ pọ̀ láti ara bébà kan: A, B, C, títí dé Z, lẹ́yìn náà Aa, Bb. Lẹ́tà 23 ni wọ́n sábà máa ń lò, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù tí ẹ ò bá rí W, tàbí tí I àti J bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí U àti V náà sì jẹ́ ọ̀kan.

Ká ní octavo ló wà níwájú yín. Ẹ ṣí i síbi tí B wà. Ẹ ó rí B, B2, B3, B4, lẹ́yìn náà ewé mẹ́rin tí kò ní àmì kankan, kí C tó dé. Tó bá jẹ́ pé méje lẹ kà, ẹ fi ìka tọ́ etí ibi tí òwú gbà, bóyá ẹ ó rí kùkùté ewé tí wọ́n gé. Ẹ sì tún wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá dúró nísàlẹ̀ ojú ewé, lápá ọ̀tún: òun ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá bá a mu, ó ṣeé ṣe kí ewé kan ti sọnù. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo kùkùté ni àléébù o. Nígbà míì, atẹ̀wé fúnra rẹ̀ ló gé ewé tó ní àṣìṣe kúrò, tó sì lẹ tuntun mọ́ kùkùté rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pé, ó tiẹ̀ tún dùn ún ní ju èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn lọ.

Àwòrán àti máàpù ni wọ́n máa ń jí gé jù, lẹ́tà ìdì kì í sì í sábà ká wọn mọ́. Ẹ fi wọ́n wé àkọsílẹ̀ ilé ìkówèésí ńlá. Àkọsílẹ̀ ESTC (English Short Title Catalogue) wà fún ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ títí di ọdún 1800, ISTC (Incunabula Short Title Catalogue) sì wà fún gbogbo èyí tí wọ́n tẹ̀ kó tó di 1501. Bí ewé òfìfo ìparí bá sọnù, ó ṣeé fara mọ́. Bí ewé kan bá dín nínú ọ̀rọ̀ inú ìwé gan-an, ẹ fi í sílẹ̀, àyàfi tó bá ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Wàyí o, ẹ gbé ewé kan sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Nínú ọ̀pọ̀ bébà àfọwọ́ṣe ìgbà yẹn, ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó sún mọ́ra, àti àwọn mìíràn tó jìnnà síra tó dábùú wọn. Àwọn tó jìnnà síra yìí máa ń dúró lóòró nínú folio àti octavo, wọ́n á sì nà ní ìbú nínú quarto. Tí ewé kan bá yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara ìwé míì ni wọ́n ti mú un, tàbí kó jẹ́ àdàkọ.

Àkísà ni wọ́n fi ń ṣe bébà àtijọ́, ìdí nìyẹn tí ìwé 1600 fi lè funfun ju ti 1890 lọ. Bébà onígi tó gbòde ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní ásíìdì nínú, ó ń pọ́n, ó sì ń rún. Bébà kì í purọ́. Lọ́dún 1934, àwọn òǹtàwé méjì, John Carter àti Graham Pollard, fi àyẹ̀wò bébà tú àṣírí àwọn ìwé pélébé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 1847 ni wọ́n kọ sára ọ̀kan nínú wọn, àmọ́ irú bébà onígi tí wọ́n fi ṣe é kò tíì sí nígbà yẹn rárá.

Kíkà wá kù. Ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Ìbọ̀wọ́ kò dáa, torí kì í jẹ́ kí ìka mọ bí ewé ṣe fẹ́lẹ́ tó, ewé á sì ya. Ẹ má fa ìwé jáde láti orí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ di àárín rẹ̀ mú. Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ èèpo rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kó má baà là pẹrẹsẹ. Lẹ́tà ſ tó jọ f, s ni. Ẹ kà á sókè díẹ̀díẹ̀, kò ní pẹ́ mọ́ yín lára. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ti ni ín tẹ́lẹ̀ kọ sétí ewé, ẹ má pa á rẹ́ láé. Ìtàn ìwé yẹn ni.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá tó burú jù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín 35 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, torí tó bá ti kọjá 65, ìwé á máa bu. Ẹ má fi sẹ̀lótéèpù lẹ ewé tó ya: gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọnú bébà, á pọ́n, kò sì ní ṣeé yọ mọ́. Ẹ má sì fi epo pa awọ. Tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun tuntun lẹ́bàá ihò kòkòrò, ẹ di ìwé náà sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kí ẹ fi í sínú fírísà tó tutù dé -20°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí ọjọ́ kejì, kí omi má baà sẹ̀ sára ìwé.