Ẹja Àrọ̀ Ń Bì Lẹ́yìn Oúnjẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹja àrọ̀ 500 ló wà nínú táǹkì mi. Wọ́n á jẹun wàràwàrà, àmọ́ tó bá tó wákàtí kan, oúnjẹ á tún máa léfòó lójú omi. Ṣé àìsàn ni? Ṣé kí n da oògùn sómi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀wọ́, má tíì da oògùn kankan síbẹ̀. Kọ́kọ́ tọwọ́ bomi kí o bu díẹ̀ nínú oúnjẹ náà. Èyí tí ẹja ò jẹ á ṣì rí bíi hóró, bó tiẹ̀ ti rọ̀. Èyí tó ti dé àpòlúkù á ti lẹ̀ mọ́ra, ikun á wà lára rẹ̀, á máa yọ̀ lọ́wọ́, á sì máa rùn kíkan. Bó bá jẹ́ irú èyí ni, wọ́n ń bì lóòótọ́, àjẹjù ló sì sábà máa ń fà á.

Àrọ̀ kì í mọ̀ pé òun ti yó. Ìwọ lo máa bá a mọ̀ ọ́n. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 200 gíráàmù, 500 wọn á jẹ́ 100 kílò. Oúnjẹ kílò 3 lóòjọ́ tó wọn: kílò kan àbọ̀ láàárọ̀, kílò kan àbọ̀ nírọ̀lẹ́. Bí o bá da gbogbo rẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á sì bì í. Máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀. Tí wọn ò bá sáré sí i mọ́, gbé abọ́ rẹ kúrò.

Wo omi náà dáadáa. Ẹja nílò afẹ́fẹ́ kí oúnjẹ tó lè dà nínú rẹ̀. Lóòótọ́, àrọ̀ lè yọjú gba afẹ́fẹ́ lókè, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn bá nàró lójú omi tí wọ́n gbé ẹnu sókè, omi ti bàjẹ́ nìyẹn. Pààrọ̀ rẹ̀ kí o tó ronú oúnjẹ. Fi àwọ̀n kó èébì náà kúrò, torí tó bá jẹrà síbẹ̀, amóníà, ìyẹn májèlé tó ń tara ohun tó jẹrà jáde, á gba inú omi kan.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ọjọ́ tí àwọn oníbàárà bá wá kó ẹja lọ́dọ̀ mi ni tèmi máa ń bì, sínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn kan tiẹ̀ ń kú lọ́nà.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ rárá fún wákàtí 24 kí wọ́n tó wá kó wọn. Àwọ̀n àti ìfúnpọ̀ ń dáyà já ẹja, ìpayà yẹn ló ń jẹ́ kó bì. Mo ti bọ́ tèmi yó láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n tó ṣà wọ́n. Kò pẹ́ tí omi inú báàfù fi dà bíi gbẹ̀gìrì. Ẹja mọ́kànlá ló kú, ó sì dùn mí gan-an, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi pa wọ́n.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé àkurákudà inú òkun máa ń bi àpòlúkù rẹ̀ síta?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Á ti àpòlúkù náà gba ẹnu jáde, omi òkun á ṣàn án, á sì fà á padà, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ohun tí kò dà nínú rẹ̀, bí egungun àti ìyẹ́, ló fi ń dà nù. Ní 1935, ní Sydney, Ọsirélíà, èyí tí wọ́n ń sìn fún àwọn èrò ìwòran bi apá èèyàn síta. Àwòrán abẹ̀ṣẹ́ méjì tí wọ́n fín sí apá náà ni wọ́n fi mọ ẹni tó ni ín, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e, kì í ṣe eyín ẹja. Àrọ̀ ò ní irú agbára yìí o; oúnjẹ nìkan ló ń bì.

Ìbéèrè: Ẹja tí mo fi ìwọ̀ fà láti ìsàlẹ̀ òkun ńkọ́? Àpòlúkù rẹ̀ yọ sẹ́nu.

Ìdáhùn: Ìyẹn kì í ṣe èébì. Àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló wú bó ṣe ń gòkè, tó sì ti àpòlúkù síta. Má gún un lábẹ́rẹ́. Bí o ò bá ní jẹ ẹ́, so nǹkan tó wúwo mọ́ okùn, kí o fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà sísàlẹ̀, kí o sì tú u sílẹ̀ níbẹ̀.