Ilé Ìgbà Díẹ̀ fún Àwọn Tí Omíyalé Lé Jáde

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ni wọ́n sábà máa ń kó àwọn tí omi lé kúrò nílé sí. Ìyẹn dáa fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé á wọlé padà, wọ́n á sì ní kí bàbá, ìyá àtọmọ kó ẹrù wọn jáde, nígbà tí ilé tuntun kò tíì sí níbì kankan. Àárín méjèèjì yẹn ni ọ̀rọ̀ mi wà. Káfíńtà ni mí n'Ìbàdàn. Ìlú wa mọ omíyalé: odò Ògùnpa ya wọlé ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, omi sì tún kó ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ ni pé kí gbogbo ohun tó bá rà fún ilé ìgbà díẹ̀ jẹ́ èyí tí yóò bá ẹbí náà dé ilé gidi.

Nítorí náà, páànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fowó rà. Tapólì ṣeé fi ṣe ògiri fúngbà díẹ̀, àmọ́ oòrùn wa á tètè sọ ọ́ di àkísà lórí òrùlé. Páànù tó nípọn á bo ilé yìí, á tún bo èyí tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló le jù. Ẹ pe àwọn àgbà àdúgbò kí wọ́n nawọ́ sí ibi tí omi ti dé rí. Bí ilẹ̀ ẹbí náà kò bá sí lójú omi, ẹ̀yìnkùlé wọn ló dáa jù: wọ́n á máa gbébẹ̀, wọ́n á máa to búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ níwájú. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹlòmíì, ẹ gbàwé lọ́wọ́ ẹbí tó nilẹ̀, kí iye ọdún hàn nínú rẹ̀, kí baálé àti ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gba ilẹ̀ padà nígbà tí ìṣó ilé kò tíì dípáàrà. Ẹ má sì gbé alátẹ jìnnà sí ọjà rẹ̀. Bí owó ọkọ̀ bá ń jẹ èrè rẹ̀, á padà sétí odò.

Ìwọ̀n Sphere, tí àwọn aṣèrànwọ́ káàkiri ayé ń lò, ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán 3.5 mítà onígun mẹ́rin, láìka ibi ìdáná àti balùwẹ̀. Ẹni mẹ́fà á gba 21. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 20 ní gígùn, ni mo máa ń ṣe é, torí pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 ló wọ́pọ̀ ní sọ́mìlì, a ò sì ní gé e ṣòfò.

Ẹ gbé ilẹ̀ ilé sókè. Ní Kobe, ní Japan, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1995, Shigeru Ban tó ń ya àwòrán ilé fi kéréètì bíà tí wọ́n da iyanrìn sí nínú ṣe ìpìlẹ̀. Kéréètì ò wọ́n níbí náà. Ẹ má ri òpó mọ́lẹ̀, ikán á jẹ ẹ́; orí búlọ́ọ̀kù ni kẹ́ ẹ gbé e lé. Ẹ fi igi tó dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ há igun kọ̀ọ̀kan, kí ilé má baà yẹ̀. Ìjì máa ń gba abẹ́ òrùlé wọlé, nítorí náà ẹ fi wáyà so igi òrùlé mọ́ òpó, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìṣó nìkan. Orí ibi tó yọ sókè lára páànù ni kẹ́ ẹ kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé fún afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ sì ta àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó.

Kí ilé kan fi mítà méjì jìnnà sí èkejì nítorí iná. Ilé ìyàgbẹ́ kan fún ogún ènìyàn, kó jìnnà sí kànga ní 30 mítà, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣeé tì láti inú. Ẹ bi àwọn obìnrin ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ. Àwọn ló ń rìn dé ibẹ̀ lóru.

Níbi tí agbára bá ká a, ẹ lo bóòtù àti nọ́ọ̀tì dípò ìṣó, kí pákó má fọ́ nígbà tí wọ́n bá ń tú u. Ẹ ka páànù àti pákó sínú ìwé, kí orúkọ ìyàwó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti ọkọ. Bí ọkọ bá kú, àwọn mọ̀lẹ́bí kan lè wá ṣí òrùlé lórí opó àtọmọ. Ìwé yẹn ni obìnrin náà máa nà sí wọn.